Ọdẹ́yalé Tọ Ọta Ìbọn Rẹ̀ Lẹ́yìn Dé Ìlú Ìdáhùn

Ẹ sún mọ́ mi o, ẹ̀yin tí ẹ kó fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ yìí láti gba iná sí i. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn, fóònù yín kò tíì yó, ẹ ò sì lè fi í sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ ti di ẹran inú okùn mi lónìí. Ẹ fún mi ní àga. Èmi Ògúnṣakin ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo wọ igbó tí ẹyẹ ibẹ̀ ń fi ẹ̀yìn fò, èmi tí ẹfọ̀n rí lọ́ọ̀ọ́kán tó yà fún mi bí ìyàwó tuntun ṣe ń yà fún bàbá ọkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń jiyàn, kó lọ bi ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́yalé ni, ọmọ ọ̀rẹ́ mi olóògbé, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ.

Ọdẹ́yalé kò lè jókòó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Bí ó bá gbé ìkòkò kaná, yóò ṣí i wò títí ooru yóò fi tán nínú rẹ̀. Bí ó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, òun náà ni yóò dáhùn rẹ̀ kí o tó la ẹnu. Géèmù kan sì wà tí òun àti Ọjẹ́tóyè ọkọ rẹ̀ máa ń ta lórí fóònù, géèmù ọdẹ. O ó gbé ìbọn inú fóònù, o ó wọ igbó inú fóònù, ẹni tó wà ní Kánò àti ẹni tó wà lókè òkun yóò sì jọ máa lé ẹran kan náà pẹ̀lú rẹ. Ojú Ọdẹ́yalé mú ju tèmi lọ. Ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀, nítorí n kò ní í tún un sọ.

Àrùn kan ló ń ba géèmù náà jẹ́ fún un, àwọn tó ń ta á ń pè é ní láàgì. Láàgì ni pé o yìnbọn nísinsìnyí, géèmù ò gbọ́ àfi ìgbà tí ẹran ti lọ. O sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ara rẹ ti fara balẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní ọta ti bà ọ́ ní gbangba. Bí ẹni tó pariwo “olè!” lónìí, tí àwọn ará ilé wá jí lọ́la.

Ìlú tí géèmù náà ń gbé ni wọ́n ń pè ní Ìlú Ìdáhùn, nítorí gbogbo ìpè tó bá dé ibẹ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Ìwin obìnrin kan ló ń jọba níbẹ̀, Olúdáhùn lorúkọ rẹ̀. Etí bo gbogbo ara rẹ̀ bí ìpẹ́ ṣe bo ẹja. Ó ní ọdẹ kan tó ń jẹ́ Kíámọ́sá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Kíámọ́sá gba ẹran mọ́ Ọdẹ́yalé lọ́wọ́ léraléra, nítorí pé ọta obìnrin náà ń pẹ́ dé. Inú bí Ọjẹ́tóyè nítorí ìyàwó rẹ̀. Ó gbé fóònù sẹ́nu, ó ní, “Ìlú olè ni ìlú yín! Ayaba olè, ọdẹ olè!”

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Kí ó tó gbé fóònù kúrò lẹ́nu, nǹkan kan fà á lọ́fun ṣùù, bí ìgbà tí èèyàn fa òwú yọ lára aṣọ. Ó la ẹnu, kò sí nǹkan. Ó wú ikọ́, ikọ́ náà kò dún. Bẹ́ẹ̀ Ọjẹ́tóyè ló ń ka ìròyìn ní ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré tó wà ní ìlú wọn, Òkè-Àràbà. Ohùn rẹ̀ ni oko rẹ̀, ohùn rẹ̀ ni ọjà rẹ̀.

Fóònù sì sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ pé, “Ohùn tó pè mí lólè ti wà lọ́dọ̀ mi. Ọdẹ́yalé, bí o bá lu ẹtu funfun inú igbó mi kí Kíámọ́sá tó lù ú, n ó dá a padà. Inú ilé rẹ ni kí o ti ta á. Bí oṣù tuntun bá lé tí o kò tíì lù ú, ohùn náà di tèmi.”

Àárẹ̀ ń mú òṣùpá lókè nígbà náà. Ọdẹ́yalé bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ó rí ẹtu funfun, ó yìnbọn. Ibi tí ẹtu ti kúrò ni ọta lọ bà. Bí ó ti rí lọ́jọ́ kìíní ló rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó sáré lọ bá Rábíù tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà.

Rábíù ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. VPN ni oògùn láàgì. Bí aṣọ ìbora ló rí. Ẹ ó fi bo ìpè yín, yóò gba ọ̀nà abẹ́lẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò ní í rí i dá dúró.”

“Yóò yá?”

“Yóò yá bí àṣá.”

Ó fi VPN sórí fóònù rẹ̀. VPN náà ní kó yan ìlú tí ìpè rẹ̀ yóò kọ́kọ́ yà sí kó tó máa lọ. Ọdẹ́yalé kò bèèrè, ó yan èyí tí orúkọ rẹ̀ dùn jù lẹ́nu, ìlú kan ní ìkángun ayé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọta tó ń pẹ́ tẹ́lẹ̀ wá di èyí tó ń sùn lọ́nà! Ó padà lọ bá Rábíù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da tábìlì rẹ̀ nù.

“O ní oògùn ni!”

Rábíù na ọwọ́ méjèèjì. “Ẹ̀gbọ́n, ó ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì. Èmi náà ò mọ ohun tó dé sí tiyín.”

Ọdẹ kì í bínú sí ẹran tó sá. Ipasẹ̀ rẹ̀ ló ń tọ̀. Ọdẹ́yalé wo ọkọ rẹ̀ tó jókòó ti rédíò, tó ń gbọ́ ẹlòmíì tó ń ka ìròyìn ní ipò rẹ̀, ó sì pinnu. Ó ní òun yóò tọ ọta òun lẹ́yìn, òun yóò mọ ibi tó ti ń jókòó. Ó gbé apó, ó gbé ọfà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó lọ dúró nídìí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ìlú, ó yìnbọn kan nínú géèmù. Ó sì rí ọta rẹ̀ pẹ̀lú ojú rẹ̀: ẹta iná pupa kan, kò ju imí eṣinṣin lọ, fò jáde láti inú fóònù, ó wọ inú irin òpó náà. Ọdẹ́yalé fi orí lu irin, irin yà fún un, ó bá ara rẹ̀ nínú igbó.

Ibi tó kọ́kọ́ dé ni ẹnu Ọ̀fun-kan. Ìwin yìí kò ní ojú, kò ní imú. Ẹnu ni láti orí dé ìdí, ọ̀fun kan ṣoṣo tín-ín-rín ló sì ní. Gbogbo ohun tí àwọn ará Òkè-Àràbà ń rán jáde tí wọ́n sì ń gbà wọlé, ọ̀fun yẹn ló ń gba: fíìmù tó tóbi bí erin, orin, àwòrán ìyàwó àti ọmọ tuntun, ìwàásù gígùn. Wọ́n ń ti ara wọn bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹta iná Ọdẹ́yalé há sẹ́yìn fíìmù kan, kò lè lọ síwájú.

Ọdẹ́yalé kígbe pé, “Ẹ yà fún un! Ẹ̀yin bàbá yìí, mo fi VPN bò ó, kí ló dé tí kò yá?”

Ọ̀fun-kan rẹ́rìn-ín, àwọn ẹrù gbọ̀n lọ́fun rẹ̀. “O fi aṣọ bo ara rẹ, o wá ní kí ilẹ̀kùn mi fẹ̀ sí i? Aṣọ a máa mú èèyàn tóbi, kì í mú un tín-ín-rín. Nígbà tí àwọn ará ìlú rẹ bá sinmi fíìmù wíwò, ọ̀fun mi á ṣófo, eégún rẹ á ráyè jó. Ṣùgbọ́n ìwọ alára, o kò ní í kọjá. Ẹran tútù kò wọ́pọ̀ níbí.”

Ó fà á mì. Òkùnkùn ṣú, ẹrù ń fún un lápá ọ̀tún, ẹrù ń fún un lápá òsì. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, ìtàn wa ìbá parí síbẹ̀, ẹ ó sì máa bínú sí mi. Ọdẹ́yalé nawọ́ sókè, ó kan bẹ́lúbẹ́lú ìwin náà tó ń fì dirodiro, ó fi ẹnu ọfà rin ín. Ọ̀fun-kan wú ikọ́! Ikọ́ yẹn gbé Ọdẹ́yalé, ó gbé ẹta iná, ó gbé fíìmù mẹ́ta, ó sọ gbogbo wọn sí ìhà kejì.

Kò dúró gbọn itọ́ kúrò lára. Ẹta iná ń lọ, ó ń sáré tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi dé oríta. Ìwin tó wà níbẹ̀ ni Yíká. Ọrùn rẹ̀ ń yí bí ọlọ, ojú rẹ̀ ń wo ọ̀nà gbogbo, ó sì ń tú ẹrù oníẹrù wò. Ó ṣí ẹta iná náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Eré ni. Eré kì í kánjú. Ẹ gba ọ̀nà irà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ọkọ mi ò lè sọ̀rọ̀, kì í ṣe eré!”

“Géèmù kì í ṣe eré? Ẹ gba ọ̀nà irà!”

Ó ta á nípàá, Ọdẹ́yalé àti ọta rẹ̀ sì ṣubú sí ọ̀nà irà. Ẹ má bi mí nípa irà náà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ a máa di èèyàn lẹ́sẹ̀ mú, yóò sì máa ròyìn ara rẹ̀ fún un. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ a máa kí ni láti òwúrọ̀, bí o kò bá sì dáhùn dáadáa, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun tí kò lè jókòó de omi gbígbóná, òun ló ń kí ọ̀pọ̀lọ́! Nígbà tí irà náà tu ú sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, ibo ló bá ara rẹ̀? Oríta Yíká náà ni, nítorí pé ọ̀nà irà lọ́ bí ìwo àgbò.

Òtútù ti mú un. Ó tú ìró òkè ìdí rẹ̀, ó fi bo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó gbá ẹta iná náà mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ, ó ń gbọ̀n, ó sì ń rìn bọ̀. Yíká na ọrùn, ó gbóòórùn aṣọ. Kò rí nǹkan kan mú dání.

“Kí ni èyí? Eré ni àbí iṣẹ́? Ọba ló rán an ni?” Ẹ̀rù bà á. “Kó máa lọ, kó máa lọ. Ọ̀nà tààrà!”

Ọdẹ́yalé kọjá, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n ju òtútù lọ. Ó wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, “Rábíù kò parọ́ tán.” Níbi tí oníbodè kan bá ti ń tú ẹrù wò, tó ń rán ti ẹnìkan gba ẹ̀yìnkùlé, aṣọ ìbora wúlò.

Ọ̀nà tààrà náà gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni aṣọ ìbora fúnra rẹ̀, Abòmọ́lẹ̀. Obìnrin ni, aṣọ bò ó lójú, ọ̀nà abẹ́lẹ̀ sì ń jáde láti abẹ́ aṣọ rẹ̀ sí gbogbo ìhà bí gbòǹgbò ìrókò. Ọdẹ́yalé kúnlẹ̀, ó kí i.

“Ìyá, ẹ̀yin ni mo sanwó fún. Kí ló dé tí aṣọ yín dá ọta mi dúró?”

“Ilé mi wo lo ní kó kọ́kọ́ yà sí?”

Ó dárúkọ ìlú ìkángun ayé náà.

Abòmọ́lẹ̀ pàtẹ́wọ́. “Ọmọ yìí! O ń ti Ìṣẹ́yìn lọ sí Ọ̀yọ́, o ní o fẹ́ kọ́kọ́ ya Kánò kí àwọn ará ọ̀nà má baà rí ọ. Wọn ò rí ọ lóòótọ́, ṣé o wá tètè dé? Mo ní ilé kan létí òkun, lójú ọ̀nà ibi tó ò ń lọ gan-an. Ibẹ̀ ni kí o máa yà sí.” Ó sún mọ́ ọn, òórùn aṣọ inú àpótí gba inú afẹ́fẹ́. “Kí o sì rántí, ẹni tó bò ọ́ ló mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Yíká kò rí ọ mọ́. Èmi ń rí ọ.”

Ara Ọdẹ́yalé bù máṣọ. Ó dìde, ó ń fi ẹ̀yìn rìn kúrò níwájú rẹ̀ títí aṣọ náà fi di kékeré lójú rẹ̀, nígbà náà ló tó yíjú padà tó sáré.

Ó dé etí òkun. Okùn irin kan wọ inú omi lọ, ó tóbi tó apá, ẹta iná rẹ̀ sì bọ́ sínú okùn náà. Kò sí ẹnubodè níbẹ̀, kò sí èrò, kò sí ìwin tó ń tú ẹrù. Ẹta iná náà ń sáré bí ohun tí a kò dá irú rẹ̀ rí. Síbẹ̀, nígbà tí Ọdẹ́yalé fi etí lé okùn, kò tíì dé. Ó dúró, kò tíì dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lu ìyanrìn, ó ń fi ọwọ́ ti okùn náà bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú.

Ìyá arúgbó kan jókòó síbẹ̀, ó ń fi òòyà ya ìfóófòó omi bí ẹní ń ya irun. Ó ní, “Ìwọ tó ń kánjú, já èyí fún mi. Mo pàdé ẹnìkan lọ́nà, mo ní kó yà, kò ní ẹsẹ̀. Mo nà án, kò ké. Mo fún un ní owó, kò gbà. Mo fi aṣọ bò ó, gígùn rẹ̀ kò dín. Ta ni?”

Ọdẹ́yalé dáhùn kíá, bí ìṣe rẹ̀. “Òkè ni!”

“A máa ń gun òkè kọjá.”

“Ikú ni!”

“Ikú a máa gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíì, ó kàn ń padà wá ni.”

Ẹnu rẹ̀ tún fẹ́ yá, ó wo òkun, ó wo okùn, ó wá pa ẹnu mọ́. “Jíjìn ni, ìyá. Jíjìn ọ̀nà.”

“Ìwọ náà lo sọ ọ́. Ìdádúró tó wà lọ́dọ̀ Ọ̀fun-kan, ẹ lè tún un ṣe nílé. Èyí tó wà lọ́dọ̀ Yíká, aṣọ lè ṣe é. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, kò sí ẹni tó lè gé e kúrú.”

Bí Ọdẹ́yalé ṣe la òkun kọjá, mo bi í léèrè, ó ní kí n jẹ́ kí òun mu omi ná, a ò sì padà sórí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó dé Ìlú Ìdáhùn. Bí o bá gbin níbẹ̀, ògiri á ní “pẹ̀lẹ́”. Bí o bá sín, òpópónà á ní “àìkú”. Ó bá Olúdáhùn lórí ìtẹ́, gbogbo etí ara rẹ̀ ń mì lẹ́lẹ́. Nínú akèrègbè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn Ọjẹ́tóyè ń ka ìròyìn, ó ń sọ pé òjò yóò rọ̀ ní Òkè-Àràbà.

“Yalé,” ohùn náà ní. “Yalé, ṣé ìwọ ni?”

Ó fò mọ́ akèrègbè náà, ẹ̀ṣọ́ dì í mú. Níbi tó ti ń jà ló rí Kíámọ́sá tí òkìkí rẹ̀ ti pa á lẹ́kún. Ọkùnrin ọ̀lẹ kan ni, ikùn rẹ̀ yọ, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní nídìí ìtẹ́, etí ayaba kò ju ìka kan sí ọwọ́ rẹ̀ lọ. Tó bá yìnbọn, ọta rẹ̀ ti dé kó tó yìn ín tán. Ọkùnrin náà kò yára rárá. Ilé rẹ̀ ló sún mọ́ ààfin.

Ọdẹ́yalé ní, “Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n ta á níbí. Kí èmi náà dùbúlẹ̀ sórí ẹní.”

“Ilé rẹ ni mo ní kí o ti ta á. Lọ́la ni oṣù ń lé. Ìlú mi kì í dá àlejò dúró.”

Ó mí sí i lójú, Ọdẹ́yalé sì bá ara rẹ̀ nídìí òpó lẹ́yìn Òkè-Àràbà, ẹrẹ̀ irà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kò wọlé. Ilé Rábíù ló gbà lọ. “Rábíù, bá mi bẹ ìlú. Lọ́la, tí oòrùn bá ti yọ, kí gbogbo wọn pa fóònù wọn.” Rábíù kò bèèrè ìdí, ó ti rí ojú rẹ̀. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan bú u, àwọn kan ní fíìmù àwọn ti dé ibi tó dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù rántí ohùn tó máa ń jí wọn láràárọ̀, wọ́n sì pa fóònù wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọdẹ́yalé jókòó lẹ́bàá ọkọ rẹ̀. Ó tan VPN, ó yan ilé etí òkun. Ó wọ igbó géèmù. Ọ̀nà já geere, kò sí ìdènà, àfi ìwọ̀nba àkókò tí òkun ń gbà. Ìyẹn náà ṣì tó láti fi pàdánù ẹran. Kíámọ́sá ti wà níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti igi, ó ń yán, ó ń dúró kí ẹtu yọ kó tó gbé ìbọn. Ẹni tí ọta rẹ̀ kì í pẹ́, kí ló fẹ́ máa ronú sí?

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ ni Ọdẹ́yalé. Bàbá rẹ̀ àti èmi jọ kọ́ ọ pé a kì í ta ọfà sí ibi tí ẹran wà, ibi tó ń lọ là ń ta á sí. Ewéko mì díẹ̀ létí odò. Ẹtu kò tíì yọ. Ó wo afẹ́fẹ́, ó wo omi, ó wo àlàfo kan láàárín igi méjì tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ pé kó dúró kí ojú rẹ̀ rí i. Ó yìnbọn sí àlàfo náà.

Ẹtu funfun fò sínú àlàfo. Kíámọ́sá gbé ìbọn. Ọta tó ti la òkun kọjá kí ẹtu tó dìde pàdé rẹ̀ lófuurufú, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbìì.

Ọdẹ́yalé ju fóònù nù. “Ọkọ mi, sọ̀rọ̀!”

Ọjẹ́tóyè la ẹnu. Ètè rẹ̀ mì. Kò sí nǹkan.

Ó gbá a léjìká mú, ẹkún bọ́ lójú rẹ̀. “Ayaba rẹ́ wa jẹ! Ó rẹ́ wa…”

“Yalé,” ni ohùn náà wí. Ètè ọkùnrin náà ti pa dé nígbà tí ó dún.

Fóònù tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀. Olúdáhùn ni. “Mo ní n ó dá a padà, mo ti dá a padà. Ọ̀nà ibí ti mọ́ ọn lára, ibí ni yóò máa ti la òkun wá sọ́dọ̀ rẹ. Mi ò sọ pé n ó gbé e sún mọ́ ọ.”

Láti ọjọ́ náà, Ọjẹ́tóyè padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń gbọ́ rédíò kò fura, wọ́n kàn ní ó ti di àgbà, ó ń ronú kó tó sọ̀rọ̀. Rábíù bi Ọdẹ́yalé pé ṣé kò sí ilé Abòmọ́lẹ̀ kan tí a lè yàn fún ohùn yẹn, kó lè máa tètè dé. Ọdẹ́yalé mi orí. Ó ní òun ti já àlọ́ yẹn létí omi.

Mo lọ kí wọn láìpẹ́ yìí. Wọ́n gbé ọtí fún mi, mo mu ún, mo sọ ìtàn ẹfọ̀n mi. Bí mo ṣe ń dìde ni Ọdẹ́yalé yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó bi í pé kí ni kí òun sè lálẹ́. Mo ti gbé ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, mo ń retí kó dá ara rẹ̀ lóhùn. Kò dá ara rẹ̀ lóhùn. Ètè Ọjẹ́tóyè mì, ó sì pa dé. Ìka ọwọ́ obìnrin náà ń jó lórí eékún rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọkọ rẹ̀, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, òkun sì ń gbé ìdáhùn náà bọ̀. Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí.